Inú Wéré Ni Fújì Ti Jáde

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé pé ilé-iṣẹ́ àwo orin ló dá fújì sílẹ̀ ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà. Inú wéré ló ti jáde, orin àwọn ọ̀dọ́ ajísààrì tó ń lu sákárà àti agogo káàkiri àdúgbò lóru Ramadan láti jí àwọn èèyàn se sààrì. Àárín àwọn ọ̀dọ́ yìí ni olórin fújì, Síkírù Àyìndé Barrister, ti kọ́ orin. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbòmíràn: ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1976, àwọn ọ̀dọ́ tó lọ wo ẹgbẹ́ olórin Sex Pistols ló padà dá ẹgbẹ́ olórin Joy Division sílẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń kọ ìtàn tiwọn sínú ìwé. Tiwa ńkọ́? Ẹ rán akọ̀ròyìn wá sí Ọjà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́ níbí, kó jókòó ti àwọn ìyá ẹlẹ́ja, kó bi wọ́n léèrè orúkọ àwọn ajíwéré tó ń jí wọn se sààrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ṣe é.

Òǹkàwé yín,
Ẹ̀pẹ́