Ìtari, Ìṣàn àti Àlọbọ̀: Èrò Kan Lórí Ìperí Iná Mànàmáná

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwa tí à ń wá ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá kọjá kí a sáà ti rí orúkọ fún ohun gbogbo. Ó yẹ kí a rí i dájú pé orúkọ tí a fún ohun kan kò lẹ̀ mọ́ òmíràn lára. 'Agbára iná' ni a sábà máa ń fi pe ohun tí à ń fi fólítì wọ̀n. Òun náà ni a tún ń fi pe èyí tí à ń fi áńpíà wọ̀n, àti èyí tí à ń fi wáàtì wọ̀n. Èrò tèmi ni pé àṣà yìí léwu.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọkọ̀ ojú omi kan wò. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn fún lílò ní Amẹ́ríkà, iná 120 fólítì, 60 háátìsì ni wọ́n ṣe é fún. Iná tí yóò bá ní èbúté Èkó jẹ́ 230 fólítì, 50 háátìsì. Bí a bá so ó mọ́ iná Èkó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná nínú rẹ̀ yóò máa jẹ iná ju ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ lọ, kò sì ní pẹ́ jóná.

Ká ní ìwé ìlànà wa sọ fún oníṣẹ́ iná pé, 'Agbára iná Èkó ju ti ọkọ̀ yìí lọ. Ẹ dín in kù.' Yóò wá tiransifọ́mà tí ń sọ 230 di 120, yóò sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà kì í yí iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan padà: bí 50 bá wọlé, 50 náà ni yóò jáde. Ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ tí ń fa omi àti ẹ̀rọ amúlétutù kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí ó yí tó 1,800 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan yóò rọ̀ sí nǹkan bí 1,500. Òòfà inú irin rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i, irin náà yóò gbóná jù, ẹ̀rọ sì lè jóná. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a tún dín iná náà kù sí 100 fólítì, kí 100 sí 50 lè dọ́gba pẹ̀lú 120 sí 60, tàbí kí a wá ẹ̀rọ tí ń pèsè 60 háátìsì fúnra rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe ṣàlàyé èyí bí 'agbára' nìkan ni a ní lọ́wọ́?

Mo dábàá ìperí mẹ́rin:

(i) ìtari-iná, fún ohun tí à ń fi fólítì wọ̀n, nítorí òun ni ó ń ti iná lọ;
(ii) ìṣàn-iná, fún ti áńpíà;
(iii) iye àlọbọ̀, fún ti háátìsì;
(iv) agbára-iná, fún ti wáàtì nìkan ṣoṣo.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò yá gbogbo rẹ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo fara mọ́ ọn pé kí a yá orúkọ òṣùwọ̀n, nítorí orúkọ ènìyàn ni: Volta, Ampère, Hertz àti Watt. Orúkọ ohun tí à ń wọ̀n yàtọ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá gbọ́ 'àlọbọ̀' ti rí ìdajì ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ àyálò kò lè ṣe èyí fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìperí tí ó dára ju ìwọ̀nyí lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe gba ìperí kankan wọlé láti ara àtòjọ ọ̀rọ̀ lásán. Kí ẹni tí ó dá a kọ́kọ́ fi kọ ìlànà iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú èyí tí ó jẹ mọ́ ọkọ̀ yìí, kí a sì wò ó bóyá oníṣẹ́ iná lè tẹ̀ lé e láìfi ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ jóná.