Pápákọ̀ Òfurufú Alákíà: Kí Ni Yóò Mú Kí Bàálù Máa Wá?

Ẹni tí ń gbé ìlú Ọ̀yọ́, tí ó sì ní ìpàdé ní Àbújá, kì í kọ́kọ́ béèrè iye owó ọkọ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni pé, "Ṣé bàálù yóò wá?" Ìbéèrè yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwa tí a gbójú lé pápákọ̀ òfurufú Alákíà ní Ìbàdàn. Ní ìparí ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 40 náírà, kí bàálù ńlá lè máa balẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gígùn nìkan kọ́ ni ó ń mú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jókòó sí ibì kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn. Nigeria Airways, tí a dá sílẹ̀ ní 1958, kógbá wọlé ní 2003. Arik náà fò wá sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn títí AMCON, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó gbèsè àwọn báńkì, fi gba àkóso rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2017. Overland, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ni ó tẹpẹlẹ mọ́ irú pápákọ̀ báyìí jù, Ìbàdàn àti Ìlọrin pẹ̀lú. Kò yà mí lẹ́nu. Èrò 19 péré ni Beechcraft 1900 rẹ̀ ń gbà. Boeing 737 ń gba èrò tí ó lé ní 100. Níbo ni a óò ti rí wọn lójoojúmọ́?

Epo ni ìṣòro kejì. Ìgbà tí bàálù bá ń gòkè ni ó ń jẹ epo jù, nítorí náà ìrìn àjò kúkúrú kì í mówó wọlé tó bí a ti rò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí pé lítà epo kan ti kúrò ní 190 náírà dé 700, kí wọ́n tó yí ìpinnu padà. Lẹ́yìn oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,500 nígbà tí ó di 2024. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ara bàálù. Náírà ni èmi àti ẹ̀yin ń san. Bí ìnira bá dé, ọ̀nà tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé kúrò. N kò dá wọn lẹ́bi.

Èrò tiwa náà sì ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Mọ́níyà lọ sí Èkó, Mọ́níyà sì rèé, ọ̀nà Ọ̀yọ́ gan-an ni ó wà. Àwọn olùkọ́ LAUTECH, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Bowen àti àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ irú èrò tí bàálù ń wá, ṣùgbọ́n Ìlọrin sún mọ́ wọn ju Ìbàdàn lọ. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kìlómítà 52, tí a gbé fún agbaṣẹ́ṣe ní 2010, falẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí mọ iye ìsìn ìsìnkú tí ọ̀nà àtijọ́ náà ti fà. Ta ni yóò tọ̀ ọ́ ní ìdájí nítorí bàálù tí kò dájú?

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ní kí wọ́n ṣe ní Alákíà, iná ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ni mo kà sí pàtàkì jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí oòrùn bá ti wọ̀, iṣẹ́ parí níbẹ̀. Ẹni tí ìpàdé rẹ̀ parí ní Àbújá ní agogo mẹ́rin ní láti sùn síbẹ̀, tàbí kí ó gba Èkó wọlé lóru. Ìgbàkígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá tẹ àkókò ìrìn rẹ̀ sí Ìbàdàn jáde, ti ìrọ̀lẹ́ láti Àbújá ni èmi yóò kọ́kọ́ wò.