Omi àpáta Jàmáíkà: ta ló ń jẹ èrè rẹ̀?

Láàárọ̀ kùtùkùtù ni ọkọ̀ ojú omi afẹ́ máa ń yọ lókèèrè ní etíkun Ocho Rios, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Jàmáíkà. Kí oòrùn tó mú, ó ti gúnlẹ̀, ó ga ju ọ̀pọ̀ ilé tó wà nítòsí lọ, àwọn èrò rẹ̀ sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn bọ́ọ̀sì ti tò dúró dè wọ́n. Àwọn kan ń lọ gun omi àpáta Dunn's River, àwọn kan fẹ́ lọ fi ara kọ́ okùn wáyà tí wọ́n ń pè ní zip line, kí wọ́n lè fò láti orí igi kan bọ́ sí òmíràn. Ẹlòmíràn ti sanwó méjèèjì pọ̀. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ti fọn fèrè, gbogbo wọn ti padà sínú rẹ̀. Jàmáíkà tí wọ́n rí kò ju ìyẹn lọ.

Kò sí ẹni tó lè bú wọn, nítorí ibẹ̀ dára. Omi Dunn's River gùn tó nǹkan bí 180 mítà, ó ń já wálẹ̀ ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn títí tó fi wọ inú òkun. Ẹni tó bá ti gun omi Erin-Ìjẹ̀ṣà rí yóò mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe rí, àmọ́ ti Jàmáíkà yìí, láti inú iyanrìn etíkun gan-an ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àwọn àlejò á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn á tò tẹ̀lé ara wọn, afinimọ̀nà á wà níwájú, á máa fi ibi tí ẹsẹ̀ lè dúró hàn wọ́n, omi á sì máa dà lé wọn lára. Ní tòsí ibẹ̀ ni òkè Mystic Mountain wà, tí wọ́n ṣí fún ìgbafẹ́ ní ọdún 2008. Àga tó ń rìn lórí wáyà ló máa ń gbé èèyàn gba orí igbó kọjá dé òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi zip line fò láàárín igi. Wọ́n tún ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó ń yọ̀ wálẹ̀ lórí irin, láti fi rántí àwọn ọmọ Jàmáíkà tó lọ díje nínú eré yìnyín ní ìdíje Òlíḿpíìkì Calgary lọ́dún 1988. Orílẹ̀-èdè tí yìnyín kì í já sí rárá! Ẹni tó bá lè fi ìyẹn pa owó kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé, nínú owó tí àlejò ná lọ́jọ́ náà, èló ló dé ọwọ́ àwọn tó ni omi?

Ọgbà Dunn's River kì í ṣe ti aládàáni. Ó ti wà lọ́wọ́ ìjọba Jàmáíkà láti ọdún 1972, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìlú ló sì ń bójú tó o. Owó ẹnu géètì wà, ti àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ gan-an ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n owó géètì kékeré ni lára owó tí èrò ọkọ̀ san fún ìjáde ọjọ́ náà, èyí tó sì kù ló gba àròjinlẹ̀.

Èrò ọkọ̀ tó bá ra ìjáde yìí lọ́wọ́ ọkọ̀ kò sanwó rẹ̀ fún ará Jàmáíkà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nílé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tàbí níwájú káńtà kan nínú ọkọ̀, ló ti san án fún ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ náà á yọ tirẹ̀ kúrò, á wá fi ìyókù ránṣẹ́ sí àwọn tó ni bọ́ọ̀sì àti wáyà. Ross Klein, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Memorial ní Kánádà, tó ti ń tọpinpin iṣẹ́ ọkọ̀ afẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdajì owó náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè dúró sọ́wọ́ ọkọ̀ àti àwọn alágbàtà rẹ̀. Inú ìyókù yẹn ni wọ́n ti máa ra epo bọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa san owó géètì àti owó oṣù, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti máa pààrọ̀ bẹ́líìtì àti akoto tó bá ti gbó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Lójú ilé iṣẹ́ ọkọ̀, òun ló ni èrò, òun náà ló sì ni àpò tó so mọ́ ọn nídìí.

Ẹnìkan lè ní kí èrò kọ ti ọkọ̀ sílẹ̀, kó bọ́ sí ojú ọ̀nà, kó bá awakọ̀ takisí dúnàádúrà. Òótọ́ ni, àwọn kan sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ jù lọ, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán. Bí ẹni tó ra ìjáde lọ́wọ́ ọkọ̀ bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè é. Ẹni tó dá lọ, tó bá pẹ́, ọkọ̀ á fi í sílẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, ní erékùṣù São Tomé, tí kò jìnnà sí Nàìjíríà, èrò mẹ́jọ tí wọ́n bá aládàáni jáde kò tètè dé, ọkọ̀ wọn sì ṣí lọ. Odindi orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ni wọ́n gbà kọjá kí wọ́n tó lé e bá ní Dakar, ní Senegal. Gbogbo ayé gbọ́ ìròyìn náà. Kò sí ìpolówó ọjà tó lè ta tíkẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ takisí Ocho Rios tí kò mọ ibi tí São Tomé wà náà san nínú gbèsè ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá wo àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Afinimọ̀nà tó di àlejò lọ́wọ́ mú nínú omi, ẹ̀bùn tí àlejò bá fún un níkẹyìn ló gbójú lé. Ẹni tó bá sì ti san owó gọbọi nínú ọkọ̀ máa ń rò pé òun ti sanwó gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ tán, kò mọ̀ pé afinimọ̀nà náà kò rí nǹkan gidi nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ igi, tí wọ́n ń hun fìlà, tí wọ́n sì ń ta aṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ọjà wọn ni èrò ní láti gbà kọjá kó tó dé ibi bọ́ọ̀sì. Èrò ń sáré, aago ń lé e, aṣọ rẹ̀ tutù, owó rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀. Àwọn àlejò a máa ráhùn pé àwọn ọlọ́jà yìí máa ń fa àwọn lọ́wọ́, pé wọ́n ń fi dandan lé ọjà. Ìwà náà kò dára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré láti fi ta ọjà ọjọ́ kan, ibo ni yóò ti rí sùúrù?

Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó. Zip line kì í ṣe ohun ìṣeré lásán. Ara èèyàn wà nínú bẹ́líìtì, bẹ́líìtì so mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré kan lórí wáyà, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń fà á sáré wálẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní láti wà ní ibi tí wọ́n ti ń gbéra àti ibi tí wọ́n ń bà sí, kò sì gbọdọ̀ tú ẹni kejì sílẹ̀ àfi tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti kúrò lórí wáyà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ní erékùṣù Roatán ní orílẹ̀-èdè Honduras, tọkọtìyàwó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ afẹ́ lọ fò lórí wáyà. Ìyàwó dúró lójú ọ̀nà, kò dé òpin, ọkọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi gbogbo agbára gbá a. Ọkọ kú, ìyàwó fara pa. Ohun tó wà nínú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni pé àwọn tó ni wáyà kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé wọ́n dá dúró láyè ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń pín owó, ìjáde náà jẹ́ ti ọkọ̀. Nígbà tí òkú bá sùn, ó di ti ará ìlú. Ilé iṣẹ́ tó ń gba ìdajì owó yẹ kó gba ìdajì ẹ̀bi pẹ̀lú.

Kí wọ́n má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, àwọn ọlọ́kọ̀ náà ní àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ló ń kó èrò wá. Láti oṣù kẹta ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà dá gbogbo ọkọ̀ afẹ́ dúró, títí di oṣù kẹjọ ọdún 2021 tí àkọ́kọ́ nínú wọn tún padà gúnlẹ̀ sí Ocho Rios, bọ́ọ̀sì wà nílẹ̀, awakọ̀ jókòó sílé, omi ń dà lórí àpáta láìsí ẹni tó ń gùn ún. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní gbàgbé àkókò yẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àmọ́ nínú àjọṣe yìí, ẹnìkan lè ká ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá wù ú, ẹnì kejì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjì líle Melissa ya wọ Jàmáíkà ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2025, láti ẹ̀bá Westmoreland, agbègbè tí abúlé kan ti ń jẹ́ Abẹ́òkúta títí dòní, àwọn ọkọ̀ afẹ́ yí orí padà sí erékùṣù mìíràn. Ọgbọ́n ni wọ́n ṣe. Omi àpáta ni kò lè kó ẹrù rẹ̀ tẹ̀lé wọn.

Èyí tó tún yẹ kó ba àwọn ìjọba erékùṣù wọ̀nyí lẹ́rù ni pé àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń ṣe ibi ìgbafẹ́ tiwọn. Ní Labadee, ní etíkun Haiti, ilé iṣẹ́ Royal Caribbean ti gba ilẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, wọ́n sì so zip line kọjá lórí omi òkun níbẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn ìlú náà le, wọ́n dá ìrìnàjò síbẹ̀ dúró. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ kan náà tún CocoCay tó wà ní Bahamas ṣe, ó sì ṣí i ní ọ̀tun, tòun ti wáyà, tòun ti omi àtọwọ́dá tí èèyàn ń yọ̀ wálẹ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, Carnival ṣí tirẹ̀, Celebration Key, ní erékùṣù Grand Bahama. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ni etíkun, ti ni wáyà, ti ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú owó èrò kì í kúrò lápò ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní Falmouth, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ocho Rios, Royal Caribbean àti àjọ èbúté Jàmáíkà jọ kọ́ èbúté tí wọ́n ṣí ní 2011, tó lè gba ọkọ̀ tó ń kó èrò tó ju 5,000 lọ. Ìlú náà retí ọjà tó máa tà wàràwàrà. Púpọ̀ nínú èrò sì ń ti inú ọgbà èbúté bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń lọ sí Dunn's River, wọ́n ń padà, láìfẹsẹ̀ tẹ ìlú.

Bẹ́ẹ̀, owó orí tí wọ́n ń san fún ìlú kò tó nǹkan. Ilé iṣẹ́ tí olú ilé rẹ̀ wà ní Miami, ó fi orúkọ sílẹ̀ níbòmíràn: Carnival ní Panama fún ọ̀pọ̀ ọdún, Royal Caribbean ní Liberia, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Mexico sọ ní ìparí ọdún 2024 pé kí èrò kọ̀ọ̀kan san dọ́là 42, àwọn ọlọ́kọ̀ pariwo, wọ́n ní àwọn lè wá ibòmíràn lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún 2025, owó náà ti di dọ́là 5, àdéhùn sì wà pé yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ dé 21 ní ọdún 2028. Bí orílẹ̀-èdè tó tóbi tó Mexico bá fa okùn tó sì ní láti dẹ̀ ẹ́, kí ni erékùṣù kékeré kan lè dá fà?

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí Jàmáíkà dá lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀. Bahamas, Honduras, Dominican Republic àti àwọn yòókù ni kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sí iye kan tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà kéré sí, kí ọlọ́kọ̀ tó sá kúrò ní ọ̀kan má baà rí òmíràn sá lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn èbúté pé kí tíkẹ́ẹ̀tì ìjáde kọ̀ọ̀kan fi iye tó ń lọ sọ́dọ̀ onílé hàn. Ẹni tó bá rí i pé nínú owó tí òun san, ìdajì kò kúrò nínú ọkọ̀, á mọ iye tó yẹ kí òun fi sọ́wọ́ afinimọ̀nà. Ó sì ṣe é ṣe láti bèèrè wákàtí sí i. Bí ọkọ̀ bá lè dúró di aago mẹ́jọ alẹ́ dípò mẹ́rin, àlejò á padà láti ibi omi, á pààrọ̀ aṣọ, ebi á máa pa á, yóò sì rìn wọ inú ìlú fúnra rẹ̀ lọ wá adìyẹ sísun jẹ. Ìyẹn kò ní ná ọlọ́kọ̀ ju owó oúnjẹ alẹ́ tí èrò rẹ̀ kò jẹ nínú ọkọ̀ lọ, àti owó tẹ́tẹ́ tí wọn kò ta nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jọ pé owó tẹ́tẹ́ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí wọ́n fẹ́ dúró.