Ẹran Sísun Níta: Kí Ìgbádùn Má Ba Di Àìsàn

Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń jáde lọ gba afẹ́fẹ́, tí wọn yóò gbé èédú àti adìẹ lọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún kan, ìdílé mẹ́ta ni a jọ lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti fi ata àti àlùbọ́sà pa adìẹ lára nínú abọ́ ńlá kan, mo sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Agogo méjì ọ̀sán ni iná tó ràn dáadáa. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: àwọn ọmọ ti ń ké. Bí adìẹ ṣe ń jinná, inú abọ́ tí mo fi gbé tútù wá ni mo ń dà á padà sí, mo sì ń bu omi ata tí ó ṣẹ́kù lé e lórí. Gbogbo ènìyàn ni ó yìn mí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọmọ mẹ́rin ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Àbíkẹ́yìn mi ń bì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ilé ìwòsàn ni a sùn. Dókítà ní kí n rò fún òun bí mo ṣe ṣe adìẹ náà. Nígbà tí mo rò ó tán, èmi fúnra mi ti mọ ibi tí mo ti ṣì í.

Adìẹ tútù sábà máa ń ní kòkòrò àrùn bíi Salmonella àti Campylobacter lára. Ojú kò rí wọn, òórùn ẹran kì í sì í fi wọ́n hàn. Ata kì í pa wọ́n, iná ni ó ń pa wọ́n. Èmi fi iná pa wọ́n tán, mo tún fi abọ́ kó wọn padà.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà nìyí:

1. Inú fíríìjì ni ẹran ti ń mu ata, inú kúlà oníyìnyín ni ó sì ń bá wa rìn. Ẹran, ìbáà ṣe tútù tàbí sísun, kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 Celsius lọ, wákàtí 1 péré ni.

2. Abọ́ méjì, ẹ̀mú méjì: ọ̀kan fún tútù, ọ̀kan fún jíjinná. Omi ata tí a óò fi pa ẹran sísun lára, a ti bù ú sọ́tọ̀ kí ẹran tútù tó kàn án. A sì ń gbé omi àti ọṣẹ lọ láti fọ ọwọ́.

3. A ń dúró kí èédú fín eérú funfun kí a tó gbé ẹran lé e. Ọwọ́ iná a máa jó ẹ̀yìn ẹran nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tútù. Àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ìgbóná ni ó dára jù: kí inú adìẹ tó ìwọ̀n 74 Celsius, kí ẹran lílọ̀ sì tó 71.

4. Bí òjò bá dé, ẹ má ṣe gbé èédú wọ yàrá tàbí àgọ́. Èéfín olóró rẹ̀ tí kò ní òórùn lè pa gbogbo ilé. Ẹ má sì da bẹntiróòlù sí i kí ó lè tètè ràn.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè fún ọmọ ní omi ORS díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ọmọ kò lè mu omi, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ jù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má fi ti aboyún àti arúgbó falẹ̀.

Àbíkẹ́yìn mi ti dàgbà báyìí. Kí n tó dá iná, òun ni ó máa ń bi mí pé, “Mọ́mì, abọ́ wo ni ti tútù?” Ẹ kọ́ àwọn tiyín náà ní ìbéèrè yẹn. Ó di ìgbà mìíràn.