Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ: Kí Òbí Máa Ṣọ́ Ọ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Kì í ṣe àgbàlagbà nìkan ni àrùn náà ń mú. Nígbà tí ó bá mú ọmọdé, lọ́pọ̀ ìgbà ara rẹ̀ kì í lè ṣe ínsúlíìnì mọ́, èyíinì ni omi ara tí ń mú kí ara rí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò. Ọmọ náà a máa mu omi púpọ̀, a máa tọ̀ ṣáá, a sì máa rù.

Kí ọdún 1922 tó dé, ikú ni òpin irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù January ọdún náà, ní ìlú Toronto ní Kánádà, a fún ọmọkùnrin ẹni ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, ó sì tún lo ọdún 13 sí i láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́ láìwọn ṣúgà dà bí ọdẹ tí ń yìnbọn nínú òkùnkùn.

Àwọn kan a máa wí pé: “Ọmọ yìí ń ṣeré, ara rẹ̀ sì ń dán, kí ni a tún ń gún un ní ìka sí?” Èrò yìí kò tọ́. Ṣúgà lè pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ó máa ba ojú àti kíndìnrín jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, bí ikán ti ń jẹ òpó ilé. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, láti ọdún 1983 sí 1993, a ṣọ́ ènìyàn 1,441 tí ó ní irú àtọ̀gbẹ yìí. Nínú àwọn tí ojú wọn kò tíì bàjẹ́, àwọn tí ń wọn ṣúgà wọn nígbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí wọ́n sì ń fi ìwọ̀n náà ṣètò abẹ́rẹ́ wọn, bọ́ lọ́wọ́ ewu àrùn ojú ní ìdá 76 nínú 100 ju àwọn yòókù lọ.

Nítorí náà, kí a máa wọn ọn kí ọmọ tó jẹun, àti nígbà tí ó bá fẹ́ sùn. Kí a kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, nítorí oje mángòrò tí ó wà lára ìka lè sọ ìwọ̀n di irọ́. Láàárín 70 àti 180 ni a ń fẹ́. Lórí irú ẹ̀rọ kejì, 3.9 sí 10. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju èyí lọ, tí ọmọ ń gbọ̀n tí ó sì ń làágùn, kí a fún un ní omi ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kí a sì tún wọn ọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, kí a má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. Ibẹ̀ náà ni kí a gbé e lọ bí ṣúgà bá ga, tí ó ń bì, tí ó sì ń mí gúlegúle.

Dókítà ní ìdánwò mìíràn tí ń fi ìrìn ṣúgà oṣù méjì sí mẹ́ta hàn. Ó dára, ṣùgbọ́n ó lè tan ni jẹ bí ọmọ náà bá tún ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí ẹ̀jẹ̀ pupa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Nígbà náà, ìwé tí a ń kọ ìwọ̀n ojoojúmọ́ sí nílé ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù.

Ìwé náà kì í sì í ṣe ìwé ẹjọ́. Ibà àti ìdàgbà ara a máa gbé ṣúgà sókè láìsí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Bàbá tí ó bá ń na ọmọ nítorí ìwọ̀n tí ó ga ń kọ́ ọ láti kọ irọ́ sílẹ̀ ni, irọ́ náà ni dókítà yóò sì fi díwọ̀n oògùn.

Òtítọ́ ni pé ohun èlò ìwọ̀n wọ́n. Ṣùgbọ́n ìjọ tí ó lè dá aṣọ ẹgbẹ́ fún ìkórè, kò ha lè dá owó jọ fún ọmọ kan? Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dá abẹ́rẹ́ dúró nítorí àgbo tàbí nítorí àdúrà. Àgbẹ̀ a máa gbàdúrà fún òjò, síbẹ̀ kì í sọ ọkọ́ rẹ̀ nù.