Ẹ Mú Bírò, Ẹ̀yin Akọrin Ẹ̀mí

Mo tún ti gbọ́ ọ. Ní sítúdíò kan ni lọ́tẹ̀ yìí. Akọrin dé, kò sí bébà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn elégbè ní kó ka ọ̀rọ̀ orin fún àwọn kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti gbè é, ó mirí: “Ẹ̀mí ló fún mi. Ẹ sáà ṣí maiki.” Wọ́n ṣí i. Ẹsẹ kìíní bẹ̀rẹ̀ ní kíì kan, ègbè bọ́ sí òmíràn, oníkíbọ́ọ̀dù ń wá a kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já. Nígbà tí wọ́n ní kó tún ẹsẹ kejì kọ, ó ti gbàgbé e pátápátá. Owó wákàtí ń gorí ara wọn.

Ohun tí irú àwọn akọrin bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́ kò ju báyìí lọ: orin tó bá ti ọ̀run wá, odindi ló ń já bọ́, èyí tí ènìyàn bá jókòó kọ, tó pa rẹ́, tó tún kọ, ti ara ni. Mo ti bá wọn jiyàn yìí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹnu fi ń ro mí. Ó yá, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì sí Sáàmù 119. Ẹ má tíì kà á, ẹ kọ́kọ́ wò ó ná. Ẹsẹ 176 ni. Wọ́n pín in sí ọ̀nà 22, ẹsẹ mẹ́jọ mẹ́jọ, torí pé lẹ́tà 22 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù. Àwọn àkọlé tí ẹ máa ń fò kọjá wọ̀nyẹn, orúkọ lẹ́tà ni wọ́n. Ní Hébérù, gbogbo ẹsẹ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló fi Álẹ́fì bẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, Bẹ́tì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí lẹ́tà fi tán. Nígbà tó kan lẹ́tà kẹfà, tí ọ̀rọ̀ tó fi í bẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan ní èdè náà, ẹni tó ń kọ orin yìí wá ọgbọ́n dá sí i: ó mú wúnrẹ̀n tí wọ́n fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, irú “àti” tiwa, ó fi bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ṣé ojú oorun ló ti rí ìyẹn? Ẹni tó jókòó ni. Ẹni tó ń kà á lórí ìka ni. Ta ló wá tó bẹ́ẹ̀ láti pe Sáàmù 119 ní orin ti ara?

Ẹ tún wo Ẹkún Jeremáyà. Orí kìíní, ìkejì àti ìkẹrin, ẹsẹ 22 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí lẹ́tà ṣe tò tẹ̀léra. Ìkẹta jẹ́ 66, mẹ́ta mẹ́ta fún lẹ́tà kan. Jerúsálẹ́mù ti jóná. Ebi ń dá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kú ní ìgboro. Ẹni tó ń sunkún yìí ṣì ń to lẹ́tà! Ìwọ tí ohunkóhun kò jóná nílé rẹ, tí o jẹun àárọ̀ kí o tó wá sí sítúdíò, ìwọ lo wá ní bírò yóò pa iná Ẹ̀mí.

Ti àwọn akọrin Dáfídì nínú 1 Kíróníkà 25 ńkọ́? 288 ni wọ́n, Bíbélì sì ní ẹni tó kọ́ṣẹ́ orin ni gbogbo wọn.

Bí ti Hébérù bá jìnnà jù, ẹ wá sí Abẹ́òkúta. Àlùfáà ibẹ̀ kan, J. J. Ransome-Kuti, gba orin ìsìn Yorùbá sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922. Ojú kan àwo ìgbà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Kò sáàyè kí ènìyàn máa wá ẹsẹ kejì kiri níbẹ̀.

Mo tún fẹ́ béèrè: kí ló dé tí Ẹ̀mí kan náà tó dá èdè fi ń fún yín ní orin tó ń ṣi ohùn Yorùbá pè, tí a ó fi gbọ́ “ọkọ́” níbi tí ẹ ti fẹ́ wí “ọkọ̀”? T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 sí 1962, dààmú lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó sì kọ ìwé lé orin Yorùbá lórí ní 1953. Kò rò pé òun ń bá Ọlọ́run figa gbága. Kí ló sì dé tí orin tuntun tí Ẹ̀mí fún ẹni mẹ́wàá ní ìsọ́-òru mẹ́wàá fi ń jọra wọn láti orí ègbè dé orí ìlù? Kò rẹ Ẹ̀mí. Ẹ̀yin ni iṣẹ́ ń sú.

Ìmísí ń bẹ, n kò sọ pé kò sí. Ìlà kan lè já bọ́ lóòótọ́, nídìí ẹ̀fọ́ pàápàá. Èyí tó kù, iṣẹ́ ni, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọrin, ẹ dákun, ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin yín sílẹ̀, kí ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹ kọ ọ́ sétí ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ yín. Bí kò bá gbọ́ ohun tí ẹ ń wí, ẹ padà sílé lọ tún un ṣe, ẹ má sì tíì san owó sítúdíò.