Kòkòrò Tó Ń Jẹ Obì

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́njú tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ òwe yìí fún: ohun tí yóò ba nǹkan jẹ́ kì í sábà ti ọ̀nà jíjìn wá, inú nǹkan náà gan-an ni í fi ṣe ibùgbé, bí obì sì ti wù kó dán tó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, a kò lè mọ ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀ títí a ó fi là á sí awẹ́. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí kì í ṣe obì ló mú mi gbé kálàmù lónìí, ẹ̀dọ̀ màlúù ni.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí kò tíì pẹ́, kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú adágún Jabi ní Abuja, mo dúró níwájú ìsọ̀ alápatà kan nítòsí ibùdókọ̀, níbi tí ariwo àwọn tó ń pe èrò Lọ́kọ́ja àti èrò Kàdúná kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń wí, mo sì ra ẹ̀dọ̀ kan tó ń dán, nítorí àlejò mi kan ń ti Òṣogbo bọ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó ẹ̀dọ̀ díndín. Ìyàwó mi kò tíì fi ọ̀bẹ là á tán tó fi ké pè mí. Nínú iṣan òróòro ni àwọn kòkòrò náà wà, pẹlẹbẹ bí ewé, ara ẹ̀dọ̀ tó yí wọn ká sì ti le gbagidi bí àpá ọgbẹ́ àtijọ́. Mo fi ọ̀rá dì í, mo gbé e padà lọ. Ọkùnrin náà, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà lẹ́ẹ̀kejì, wò ó fìrí, ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí èyí dà yín láàmú. Ẹ gé ibẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ se ìyókù kó jinná dáadáa. Kòkòrò kì í pa aláwọ̀ dúdú." Àwọn tó dúró ra ẹran rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá ìnájà wọn lọ.

Ẹ̀rín yẹn ló ń jẹ mí lára títí di òní. Mo sì fẹ́ sọ ìdájọ́ tèmi kí n tó máa rojọ́: ẹran tí oníṣègùn ẹran kò fojú kàn kì í ṣe oúnjẹ, òkú ẹranko lásán ni, bó ti wù kí ata àti àlùbọ́sà tí a fi sè é ta sánsán tó. Èmi náà mọ̀ pé kòkòrò inú ẹ̀dọ̀ yẹn kò lè ṣe ẹni tó sè é jinná ní ohun púpọ̀, nítorí ara ìgbín odò ni ó ti ń bọ́ sórí ewéko etídò, kó tó gba ẹnu wọ inú ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé kòkòrò tí ojú lásán lè rí gba odò ẹran kọjá, ó gba orí tábìlì alápatà kọjá, ó dé ilé ìdáná mi, ó sì jẹ́ pé ìyàwó mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí i. Bí èyí tí ojú rí bá lè kọjá báyìí, kí ni ká wí nípa èyí tí ojú kò lè rí?

Ní odò ẹran tó lójútùú, a kì í já màlúù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí a sì dúńbú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A óò jẹ́ kó sinmi, oníṣègùn ẹran yóò wò ó lórí ìdúró àti lórí ìrìn, yóò wo ojú, imú àti ẹnu rẹ̀, yóò sì ya èyí tó ń gbọ̀n tàbí tó ń wúkọ́ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí ọ̀bẹ bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, yóò tún padà wá: yóò la àwọn kókó abẹ́ àgbọ̀n àti ti ọ̀fun, yóò fi ọwọ́ tẹ fùkù kó lè mọ̀ bóyá ikọ́ fée ti sọ kókó síbẹ̀, yóò la ọkàn, yóò la ẹ̀dọ̀, yóò sì lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tó yè kooro. Èyí tí kò yè, sísun tàbí rírì mọ́lẹ̀ ni tirẹ̀. A kì í tà á fún olóúnjẹ tí yóò fi ata bo àṣírí rẹ̀. Ikọ́ fée tí mo dárúkọ yìí kì í ṣe àròsọ. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti rí i lára màlúù tí a pa ní odò ẹran Bódìjà, ẹni tí ewu rẹ̀ sì súnmọ́ jù ni ẹni tó ń mu wàrà tí a kò sè, àti alápatà fúnra rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ lásán la fùkù láràárọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn baba wa jẹ ẹran láì mọ oníṣègùn ẹran, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́. Ewúrẹ́ tí baba wa pa, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti jẹ èèpo iṣu. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó mọ ọjọ́ tó kọ oúnjẹ. Èyí tí à ń rà ní Jabi, ta ló mọ ìlú tó ti wá? Àwíjàre yẹn kò gba ìdáhùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá rò pé ṣe ni mò ń dẹ́rù bani, kó rántí ọdún 2023. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àrùn áńtíráàsì bẹ́ sílẹ̀ ní apá àríwá Gáńà, ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ wa sì kìlọ̀ fún ará ìlú nípa pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́ àti ẹran tí a fi èéfín gbẹ. Ọ̀pọ̀ wa fi ìkìlọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, a ní pọ̀nmọ́ ni ìjọba ń bá ṣọ̀tá. Oṣù Keje kò tíì parí tí wọ́n fi kéde pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, ibi tí wọ́n sì ti rí i kì í ṣe ẹnubodè kankan, Súlèjà ni, ní oko ẹran kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Abuja lọ sí Kàdúná, níbi tí màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ jọ ń gbé: Súlèjà kan náà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Abuja ń sùn tí wọ́n ń jí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú, ní etí, ní ojú àti ní ìdí àwọn ẹran náà. Àwọn oníṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Niger ló lọ gba àpẹẹrẹ níbẹ̀, ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ló sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àrùn tí èso rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tún jí ni. A kò sì gbọdọ̀ la òkú ẹran tó bá pa, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá kan inú rẹ̀ ni kòkòrò náà fi ń di èso tí kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ wá rò ó wò, bí olóko yẹn bá ti ṣe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, tó rí i pé ẹran ń ṣàìsàn, tó sáré fi ọ̀bẹ kàn án lọ́rùn kó má baà kú fún un, tó sì ránṣẹ́ pe alápatà.

Kì í sì í ṣe àrùn nìkan ni ewu inú ẹran, oògùn pàápàá wà níbẹ̀. Adìẹ tí a fún lóògùn lánàá ni à ń tà lónìí, bẹ́ẹ̀ oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọjọ́ tó yẹ kí a fi dúró kí ẹran tàbí ẹyin tó di jíjẹ, iná ìdáná kì í sì í sábà jó o tán. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ń kọ́ kòkòrò inú ara rẹ̀ bí yóò ṣe máa fojú di oògùn.

Nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, orí alápatà ni mo fẹ́ di gbogbo ẹrù ẹ̀bi lé. Òwe mìíràn ló dá mi lẹ́kun: ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó yáwó ra màlúù, tó mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ àti fùkù tí a bá gbà lọ́wọ́ òun gbèsè ni wọ́n ń dà sí òun lọ́rùn, kò lè jẹ́ ẹni tí yóò jẹ́rìí lòdì sí ẹran ara rẹ̀. Bí a bá ń gba ẹran tó lárùn lọ́wọ́ rẹ̀ láì san nǹkan kan dípò, ọgbọ́n ìfarapamọ́ ni à ń kọ́ ọ. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ di ọ̀bẹ náà mú. Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí wolé-wolé, tí àwọn ìyá wa fi ń sáré bo ìkòkò omi. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi inú ìkòkò mọ́.

Kì í sì í ṣe pé a kò mọ iṣẹ́ náà í ṣe. Láti ọdún 1924 ni ilé ìwádìí Vom ti wà, nígbà tí àjàkálẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní rinderpest ń pa màlúù lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn oníṣègùn ẹran káàkiri àgbáyé kò sì sinmi títí wọ́n fi kéde ní ọdún 2011 pé kò sí i lórí ilẹ̀ ayé mọ́. Lẹ́yìn ìgbóná, òun nìkan ni àrùn tí ọmọ aráyé tíì pa rẹ́. Ewu kò sì jìnnà sí wa: ní oṣù Kejì ọdún 2006, nígbà tí àrùn adìẹ H5N1 kọ́kọ́ fara hàn ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìpínlẹ̀ Kàdúná tiwa níhìn-ín ló ti yọjú. Kí ọdún tó yípo, obìnrin kan ti bá a lọ ní Èkó. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ ọ̀sìn ẹran sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kọ́ ló ń la kókó ọ̀fun màlúù. Ẹni tí mò ń wá ni ẹni tí yóò ti wà ní odò ẹran Deidei tàbí ti Karu kí ìmọ́lẹ̀ tó là, tí iná yóò tàn fún, tí omi yóò sì ṣàn fún, tí a ó san owó rẹ̀ pé, tí ó lè wí pé "èyí kò gbọdọ̀ jáde" kí ẹnikẹ́ni má sì lè fi ọ̀bẹ lé e.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo tún gba iwájú ìsọ̀ yẹn kọjá. Ẹ̀dọ̀ mìíràn ti wà lórí tábìlì, eṣinṣin ń bà lé e. Mo bi ọkùnrin náà pé níbo ni wọ́n ti pa màlúù yìí, ta ló sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ àkísà, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá," ó ní, "inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń jù ú fún wa ní ìdájí. Èmi náà, rírà ni mo rà á."